Àwo Kékeré Ìyá Mi

Yeoville, Johannesburg
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹjọ, ọdún 2006

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú òtútù, ẹ sì kú àfaradà. Èmi Mwiza ọmọ yín wà láàyè, mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé Tafwachi ń tọ́jú yín bí Khumbo ṣe fi yín lé e lọ́wọ́? Ọdún kẹta tí àbúrò mi ti kú rèé, kò sí ọjọ́ kan tí n kì í rántí pé ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù pẹ̀lú yín nínú àgbàlá yẹn.

Mo di ẹrù kan fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì Mzimba. Òróró gálọ̀nù méjì wà níbẹ̀, ṣúgà, mílíìkì alágolo, àti bísíkíìtì onípáálí tí ẹ fẹ́ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọ́jú wọn de àlejò. Ẹ jẹ wọ́n. Nígbà tí NyaKumwenda aládùúgbò wa wá tajà níbí lọ́dún tó kọjá, ó ní tí ẹ bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìdajì àga gbọọrọ ni ẹ ń gbà. Inú mi dùn débi pé gbogbo àwọn tá a jọ ń gbé ni mo sọ ọ́ fún. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ń rù nílé, kí ló wá ṣe ní Joni, Johannesburg yìí? Ọdún kẹsàn-án rèé tí n kò fojú kàn yín. Ara yín ni àwọn ará abúlé fi ń mọ̀ pé n kò gbàgbé ilé.

Èmi ṣì wà lọ́dọ̀ òyìnbó arúgbó tọkọtaya tí mò ń se oúnjẹ fún. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde. Tí mo bá sọdá ẹnubodè báyìí, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé mọ́. Ìdí tí ẹ kò fi tíì rí mi nìyẹn, ẹ má ṣe rò ó sí nǹkan mìíràn.

Ẹ kọ̀wé sí mi kíákíá. Ẹ sọ fún mi pé ẹ ti jẹ bísíkíìtì náà tán.

Ọmọ yín,
Mwiza


Kaphuta, Mzimba
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2006

Mwiza ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé, mo kí òyìnbó rẹ méjèèjì. A dúpẹ́, a kò kú. Ẹrù dé, nǹkan kan kò sì dín nínú rẹ̀. Ọlọ́run á bùkún ọwọ́ rẹ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé mì láti oṣù Kẹfà. Bí mo bá ti mú bírò báyìí, màá tún gbé e sílẹ̀. Orúnkún mi ọ̀tún ti bàjẹ́ tán. Mo lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà eegun tó ń wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta ní òun lè là á kí òun fi irin sí i, ṣùgbọ́n òun kò ní fi ọ̀bẹ kan ẹni tó wúwo tó mi. Wọ́n ní kí n gun òṣùwọ̀n. Kílò méjìlélọ́gọ́rùn-ún! Nọ́ọ̀sì kà á sókè, gbogbo ìlà tó wà lẹ́yìn mi ló gbọ́, ọkùnrin kan sì súfèé. Ó di ìgbà tí mo bá sọ̀kalẹ̀ dé márùndínláàádọ́rùn-ún kí wọ́n tó gbà mí. Tí n kò bá dé ibẹ̀, dókítà ní títí ọdún méjì sí i, n kò ní lè dìde lórí ẹní fúnra mi.

Mwiza, èmi tí mo se oúnjẹ fún ọ̀ọ́dúnrún ọmọbìnrin nílé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Èmi tí ọmọ kan kò jẹun lọ́wọ́ mi rí kó ní kò tó! Nọ́ọ̀sì wá ní síma àgbàdo ẹyọ kan, tí kò tó ìkúùkù mi, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ púpọ̀ tí kò ní ẹ̀pà lílọ̀ nínú. Mo bi í pé ṣé adìyẹ ló fẹ́ fi mí ṣe ni. Kò rẹ́rìn-ín.

Ebi kì í wá bí mo ṣe rò. Mo rò pé inú ni yóò máa kùn. Orí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni màá bá ara mi níwájú ìkòkò, tí mò ń ṣí i, tí mò ń dé e, bíi pé ẹnìkan ló rán mi níṣẹ́. Tí wọ́n bá ń yan ẹ̀pà nílé NyaKumwenda, màá bínú sí NyaKumwenda. Tí oorun bá gbé mi lọ, ọ̀dùnkún ni mò ń rí lójú àlá. Èmi àgbàlagbà tí mo jẹ́ dákónì, mo jí ọ̀dùnkún jẹ nínú ilé ara mi ní ọjọ́ kẹta.

Tafwachi ló gbà mí là. O mọ̀ pé àwo kan náà ni obìnrin ilé wa fi ń jẹun. Láti ọjọ́ tá a ti sin Khumbo, alaalẹ́ ni Tafwachi ń gbé síma wá, àwa méjèèjì á sì jọ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n nínú àwo kan ṣoṣo, ta ló fẹ́ mọ iye tí mo jẹ? O mọ ọwọ́ mi, ó yá. Ó wò mí títí, ó ní, “Màmá, ẹ̀yin ò jẹ púpọ̀ o, ọwọ́ yín ló ń jẹ. Ẹ jẹ́ ká pín àwo.”

Mo sunkún, Mwiza. Ta ló ń ya àwo sọ́tọ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀ bí kò ṣe ẹni tó ń bá a jà, tàbí ẹni tó ń fura pé àjẹ́ ni? Ojú ti òun náà. Ó mú àwo pẹlẹbẹ tá a ń gbé ife tíì lé, ó fi síma ẹyọ kan sí i, ó ní tèmi nìyẹn. Òun jókòó ti àwo ńlá, nítorí òun ló ń ro oko láti òwúrọ̀. Láti ọjọ́ yẹn la ti ń ti ilẹ̀kùn kí á tó jẹun, kí aládùúgbò má bàa rí wa.

Tèmi kì í pẹ́ tán. Ojú mi á wá máa tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ láti àwo dé ẹnu. Nígbà náà ni yóò ní, “Ẹ mu omi, Màmá. Ebi dà bí àlejò tí wọn ò fún ní àga. Tó bá dúró títí, á lọ.” Á bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan nípa bàbá rẹ̀ àti màlúù kan tó ya alágídí. Màlúù yẹn ti ṣe oríṣiríṣi, ó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti jẹ fìlà ọba. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kó tó parí, ebi á ti lọ.

Kílò márùn-ún ti bọ́. Má ṣe bínú, n kò lè jẹ ẹrù rẹ. Mo fún àwọn opó ìjọ ní òróró àti ṣúgà, bísíkíìtì sì wà lókè àjà níbi tí ọwọ́ mi kò tó. Má fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ mọ́. N kò sọ fún ọ tẹ́lẹ̀ nítorí mo mọ ohun tí ara mi jẹ́ lójú rẹ.

Ìyá rẹ,
NyaMhango


Yeoville, Johannesburg
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 2006

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé. Mo kí yín, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Oṣù méjì àti ààbọ̀ rèé tí mo ti fi ẹrù ránṣẹ́, n kò gbọ́ ohùn yín. Ẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

NyaKumwenda ti tún wá tajà. Mo gbé àga fún un, mo bi í nípa ilé, ó ń wo ilẹ̀. Mo ní, “Kí ló dé?”

Ó ní, “Mwiza, ẹnu mi kọ́ lo ti máa gbọ́ o.”

Mo ní, “Ẹnu yín náà ni màá ti gbọ́. Ẹ sọ ọ́.”

“Ìyá ẹ ti ń rù. Aṣọ tó ń fún un tẹ́lẹ̀, ó ti wá ń wé e lẹ́ẹ̀mejì. Mo yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo taari ilẹ̀kùn tí wọ́n pa dé láì pe àgò. Ọmọ ìyá, àwo méjì ni mo bá! Àwo abẹ́ ife tíì ló wà níwájú ìyá ẹ, síma kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀, bí ẹyin àparò. Ìyàwó jókòó ti àwo ràgàjì, ó ń gbé e mì. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n sáré bo àwo. Òróró tó o fi ránṣẹ́, mo rí i nílé ẹlòmíràn pẹ̀lú ojú mi méjèèjì.”

Ìyá mi, kí ni kí n rò? Tí ó bá jẹ́ pé ẹ wà lálàáfíà, kí ló dé tí ẹ ń ti ilẹ̀kùn jẹun? Èmi ń jí ní agogo márùn-ún, mò ń fọ ilẹ̀ ilé onílé kí ẹ lè yó, ẹnìkan wá ń fi àwo abẹ́ ife bọ́ yín! Mo ti kọ̀wé sí Tafwachi. Ẹ̀dà rẹ̀ nìyí, kí ẹ lè mọ ohun tí mo sọ.

Mwiza

*

Tafwachi,

N kò kí ọ. Mo ti gbọ́ nípa àwo méjì. Àbúrò mi fẹ́ ọ, ó fi ìyá wa lé ọ lọ́wọ́, ohun tó o fi san án nìyẹn. Ilé bàbá mi lo wà. Kò sí ọmọ tí o bí fún wa tá a fi lè sọ pé ojú ọmọ là ń wò. Bí ìyá mi bá wúwo fún ọ láti bọ́, ọ̀nà ilé yín kò dí.

Mwiza


Kaphuta, Mzimba
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2006

Mwiza,

N kò ní kí ọ kí n tó sọ̀rọ̀ lónìí, nítorí ìwọ náà kò kí ẹni tó yẹ kí o kí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìwé rẹ dé, Tafwachi gbé oúnjẹ wá bó ṣe máa ń gbé e. Ó kúnlẹ̀, ó gbé omi ìfọwọ́ fún mi, ó ṣí àwo mi. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé yọ nínú ìró rẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ bá mi kà á. Bóyá n kò gbọ́ ọ dáadáa.”

Mo kà á. Mo kà á dé ibi ọ̀rọ̀ ọmọ, mo ká ìwé náà.

Ó ní, “Ẹ jẹun, kó má bàa tutù.”

Ó dúró títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Kò sọ ìtàn kankan. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti gbá àgbàlá, ó ti pọn omi kún ìkòkò mẹ́ta, ó ti ku ìyẹ̀fun sínú agbọ̀n tó lè tó mi jẹ fún oṣù kan, ó ti lọ bá bàbá rẹ̀ ní Rumphi. Kò bá mi jà. Ì bá ti bú mi, ara ì bá tù mí. O mọ àṣà wa: opó tó bá ní òun ń lọ, kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti di ìró rẹ̀ mú. Èmi gan-an ni mo ti sọ fún un nígbà tá a sin Khumbo tán pé tó bá wù ú kó padà sílé wọn, kó lọ, ọmọdé ni. Ó ní òun kò lọ. Kò sí ohun tó dè é mọ́ mi, Mwiza. Ó kàn dúró ni.

Ṣé ìwé tí mo kọ sí ọ ní oṣù Kẹsàn-án kò dé ni? Mo ṣàlàyé àwo yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fi lé awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan náà lọ́wọ́. Tí kò bá dé, ẹ̀bi tìrẹ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èmi náà ti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọ láti oṣù Kẹfà. Ṣùgbọ́n o ò lè bi mí léèrè ná?

Ìyá rẹ


Yeoville, Johannesburg
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kejìlá, ọdún 2006

Ìyá mi, ẹni tí mo ṣẹ̀,

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, n kò mọ bí mo ṣe lè kí yín. Ìwé yín ti oṣù Kẹsàn-án àti èyí tí ẹ kọ kẹ́yìn, ọjọ́ kan náà ni méjèèjì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Bọ́ọ̀sì náà bàjẹ́, wọ́n wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ìwé yín sì wà lábẹ́ àga awakọ̀ fún oṣù méjì gbáko. Ti oṣù Kẹsàn-án ni mo kọ́kọ́ já. Mo ń rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín ọ̀dùnkún, mo rẹ́rìn-ín màlúù tó jẹ fìlà ọba. Mo pe ẹni tá a jọ ń gbé kí n ka ibẹ̀ fún un. Kí n tó dé ìdí ìwé náà ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe.

Mo ti kọ̀wé mẹ́ta sí Tafwachi. Mo tọrọ àforíjì títí bírò fi gbẹ. Kò tíì fèsì. N kò bá a wí.

Ìyá mi, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń fi etí rí yín. Ohun tí ẹnìkan bá sọ ni mò ń rí. Nígbà tí NyaKumwenda ní ẹ tóbi, mo rí yín, ẹ tóbi. Nígbà tó ní wọ́n ń fi ebi pa yín, mo rí ebi. Mo sì bínú sí Tafwachi nítorí òun ló wà níbi tó yẹ kí èmi wà. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń kọ ọ́. Báyìí mo mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì tì ná. Ẹ gbé bísíkíìtì yẹn sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó wà lóun nìkan kò yẹ kó tún máa fi ebi jẹ ara rẹ̀ níyà.

Mwiza


Kaphuta, Mzimba
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kìíní, ọdún 2007

Mwiza ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo ti ń kí ọ láti ọjọ́ yìí, ìwé ni n kò rí kọ. Òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yà sí ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Inú mi kò dùn sí ọ, ṣùgbọ́n ọmọ mi ni ọ́, ibo ni màá gbé ọ sí?

Mo ṣì ń jẹ nínú àwo kékeré. N kì í ti ilẹ̀kùn mọ́. Ta ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún? Ebi tí mo kọ sí ọ nígbà yẹn, eré ni. Nígbà tí ẹnìkan wà níwájú mi, ebi ní ìgbà tó ń dé, ó ní ìgbà tó ń lọ, a sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Báyìí, màá ro síma, màá gé ẹyọ kan sórí àwo, màá jókòó tì í, màá máa wò ó. Ìgbà mìíràn ó máa ń di ọjọ́ kejì kí n tó rántí pé n kò jẹ ẹ́. Mo gbìyànjú láti sọ ìtàn màlúù fún ara mi, Mwiza. Kò dùn. Mo nìkan wà, mi ò fẹ́ parọ́ fún ọ. Ilé yìí dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ kòkòrò nínú àgbàdo.

Mo lọ gun òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin! Ó tiẹ̀ fi ọ̀kan dín sí iye tí wọ́n fẹ́. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́, ó di mọ́ mi. Ó ní, “Màmá, ẹ gbóyà! Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe tó fi yá báyìí? Kí n lè máa sọ ọ́ fún àwọn tó kù.”

Mo ní, “Ìyàwó ọmọ mi ló fi mí sílẹ̀.”

Ó tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára mi. Ó fa ìwé jáde, ó ní ogúnjọ́ oṣù Kẹta ni dókítà yóò la orúnkún mi. Ó wá bi mí ní orúkọ ẹni tí yóò dúró tì mí. O mọ̀ pé bí kò bá sí ẹni tí yóò máa dáná fún ọ nínú búkà ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ, tí yóò máa yí ọ padà, wọn kì í gbà ọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó yá, mo sọ orúkọ Tafwachi. Kò sí orúkọ mìíràn lẹ́nu mi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún bi mí ní orúkọ abúlé wọn, mo sọ ọ́. Bí ẹni parọ́ ni mo ṣe ń lọ sílé.

Tó bá di ọjọ́ náà tí kò sí ẹnikẹ́ni, wọ́n á fi àyè mi fún ẹlòmíràn, dókítà á sì lọ. NyaKumwenda ti wá sọ fún mi pé òun á dúró tì mí. Mo ní kó lọ dúró ti ẹnu rẹ̀ ná.

Má wá o. Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀ lọ́kàn rẹ. Tí o bá wá tí wọn ò jẹ́ kí o padà, kí la fẹ́ jẹ?

Ìyá rẹ


Yeoville, Johannesburg
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta, ọdún 2007

Ìyá mi,

Mo kí yín. N kò ní parọ́ fún yín, bí ẹ kò ṣe parọ́ fún mi.

Ẹ ní kí n má wá, mo sì di ẹrù. Mo sọ fún òyìnbó mi pé mò ń lọ. Lánàá, ọjọ́ Sátidé, mo jókòó ní ibùdókọ̀ láti agogo mẹ́fà àárọ̀, báàgì mi wà lẹ́sẹ̀ mi, tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ní, “Àǹtí, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè.” N kò dìde, Ìyá. Mo ń ro ẹnubodè, mo ń ro ọdún mẹ́sàn-án, mo ń ro pé màá dé ilé ní ọwọ́ òfo, orúnkún yín á sàn, ebi á sì pa gbogbo wa. Bọ́ọ̀sì lọ. Mo gbé báàgì mi padà sílé. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ara mi nínú dígí.

Láti ìgbà tí mo ti ka ìwé yín, mo ti ń ro síma ẹyọ kan bíi tiyín, mo ń fi í sórí àwo abẹ́ ife òyìnbó mi, kí n lè mọ bó ṣe rí. Mo máa ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró, nínú kíṣìnnì, nígbà tí wọ́n bá ti jẹun tán. Ọjọ́ kejì ni mo ti sunkún. Kì í ṣe ebi ló pa mí lẹ́kún. Mo kàn rí i pé láti ọdún mẹ́sàn-án yìí, yálà àwo ńlá ni tàbí kékeré, n kò tíì bá ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan oúnjẹ kan náà.

Ẹ bá mi wá ẹnikẹ́ni. Àwọn opó ìjọ tí ẹ fún ní òróró, ṣé kò sí ẹyọ kan nínú wọn? Kódà kó jẹ́ NyaKumwenda. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí dókítà lọ.

Mwiza


Ilé ìwòsàn, Mzimba
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, ọdún 2007

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Mwiza,

Mo kí yín. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Mo kí yín, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé wa nìyẹn. Èmi Tafwachi, ìyàwó Khumbo, ni mò ń kọ ìwé yìí. Nínú búkà ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni mo wà. Síma wà lórí iná, èéfín sì ń ta mí lójú, ẹ má wo bí ọwọ́ mi ṣe rí.

Ìwé yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé Rumphi. Mo kà wọ́n. Kì í ṣe àwọn ló mú mi wá, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Nọ́ọ̀sì ló ránṣẹ́ sí abúlé wa pé orúkọ mi wà nínú ìwé, kí n tètè dé kí ọjọ́ tó pé. Bàbá mi fò sókè. Ó ní, “Ilé tí wọ́n ti lé ọ náà? O ò lójútì ni?”

Mo ní, “Bàbá, ẹni tó lé mi wà ní Joni. Ẹni tó kọ orúkọ mi wà ní Mzimba.”

Ní òwúrọ̀ ogúnjọ́, mo bá Màmá ní orí àga ìta, òun nìkan, àpò rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Wọ́n ti pè é wọlé, ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù díẹ̀, ẹni òun ń bọ̀. Kò mọ̀ bóyá mò ń bọ̀ o. Ó kàn ń sọ ọ́ ni. Ó ti fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, eegun ni mo bá. Mo gba àpò rẹ̀. A wọlé.

Wọ́n ti la orúnkún náà, irin sì ti wà nínú rẹ̀. Ó dìde lánàá, ó gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rin, ó bú dókítà. Nọ́ọ̀sì ní kí oúnjẹ rẹ̀ má pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹyọ méjì ni mò ń gbé fún un báyìí, títí yóò fi lágbára. Lálẹ́ àná, ó jẹ ẹ́ tán, ó wo àwo, ó ké tòò pé mo fẹ́ fi ebi pa òun. Gbogbo wọ́ọ̀dù ló gbọ́. Mo bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo sọ fún un pé màlúù bàbá mi ti gbéyàwó.

Ìwé yín nípa ibùdókọ̀ dé lónìí. Èmi ni mo kà á fún un. Ó gbọ́ ọ, ó yí ojú sí ògiri. Lẹ́yìn náà ló ní, “Sọ fún un kó jẹun dáadáa. Ta ló ní kó máa jẹ nínú àwo kékeré? Ṣé òun lorúnkún ń dùn ni?” Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn, mo ti jẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ tèmi ló kù. Ẹ kọ̀wé pé n kò bí ọmọ. Khumbo kò sọ bẹ́ẹ̀ sí mi rí títí ó fi kú. Màmá kò sọ ọ́ rí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé, níbi tí kò ti lè parẹ́. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń ro síma yìí.

Ẹ ti bẹ̀ mí, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé níbí, ẹnu kọ́ la fi ń parí irú rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ ló ń se oúnjẹ, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ níṣojú rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì fọwọ́ kan àwo kan náà. Ìwé kò ṣeé jẹ. Ó lè jẹ́ ọdún kan sí i, ó lè jẹ́ mẹ́wàá, n kò bi yín. Ọjọ́ tí ẹ bá dé, kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni, ẹ wọ ilé ìdáná lọ tààrà. Màá jẹ́ kí ebi pa mí dè yín.

Èmi ni,
Tafwachi